Ṣé ó yẹ kéèyàn fowó kún un kó ra jíìpù full option? Bẹ́ẹ ṣe máa ṣírò ẹ̀ rèé

Tí èèyàn bá ti kówó jọ débi tó fẹ́ ra jíìpù olówó ńlá, Lexus ni o, Highlander ni o, Benz ni o, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ lẹ́nu ará àdúgbò ni "ṣé full option ni?", ìyẹn ni pé ṣé gbogbo nǹkan afẹ́ tí ilé iṣẹ́ ń fi kún un ló wà nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé jíà ẹ̀ ńkọ́. Àwọn tó ń ta mọ́tò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé owó àwọn ìpele òkè bíi Limited àti F Sport lọ sókè, tí wọ́n á wá máa ṣí sunroof, ìyẹn fèrèsé orí òrùlé, tí wọ́n á máa pa á dé lójú yín bí ẹni tó ń pàtẹ ẹrù ìyàwó.

Mi ò sọ pé kẹ́ẹ má ra full option o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó to gbogbo nǹkan yẹn sínú mọ́tò, ẹni tó ń gbé Chicago tàbí Toronto ló ní lọ́kàn, ibi tí yìnyín ti ń bọ́, tí títì tẹ́jú, tí ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ò jìnnà. Ẹ̀yin ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́, ẹ sì ń gba ọ̀nà tó so ìlú méjèèjì pọ̀, gbogbo wa la mọ ọ̀nà yẹn. Torí náà nǹkan méjì ni kẹ́ẹ máa bi ara yín lórí gbogbo nǹkan tí wọ́n bá fi kún mọ́tò: ṣé ó máa ṣiṣẹ́ fún mi níbí, lọ́jọ́ tó bá sì bàjẹ́, ta ló máa tún un ṣe, èló?

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà fún wa ná. Mọ́tò kan náà ni ilé iṣẹ́ máa ń ṣe, wọ́n á wá tò ó ní ìpele ìpele. Ẹ mú Highlander tí wọ́n ṣe láti 2014 sí 2019. LE ló wà nísàlẹ̀, LE Plus tẹ̀ lé e, XLE tẹ̀ lé ìyẹn, lẹ́yìn náà Limited, wọ́n tún wá ní Limited tí wọ́n ń pè ní Platinum lórí gbogbo ẹ̀. LE ń lo kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń yí, ìjókòó ẹ̀ aláṣọ ni. XLE lẹ ti máa rí ìjókòó aláwọ, thumbstart (bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ láti tan mọ́tò) àti sunroof. Limited fi ríìmù íǹṣì 19 kún un, ìjókòó iwájú tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí èèyàn lẹ́yìn, àti iná kékeré inú míráọ̀ tó ń tàn tí mọ́tò míì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbi tójú ò tó. Platinum tún wá gbé panoramic, sunroof ńlá tó gba gbogbo òrùlé, lé e. Ẹ́ńjìnnì V6 (sílíńdà mẹ́fà) kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, àfi àwọn LE kan tó ń lo four plug (sílíńdà mẹ́rin) lítà 2.7 tó jẹ́ horsepower 185, nígbà tí V6 jẹ́ 270 lára ti 2014 sí 2016, tó sì di 295 láti 2017. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ẹ bèèrè, torí ẹni tó ń kó ẹbí mẹ́fà àti ẹrù lọ sóde ìnáwó ní Ìlọrin á mọ̀ ọ́n lára ju bọ́tìnì èyíkéyìí lọ.

Ẹ tún wo Lexus RX 350 F Sport ti 2016 sókè, pẹ̀lú imú ẹ̀ tó la gbàgà yẹn. Ẹni tó bá rí i á rò pé ó ń sáré ju èyí tí kì í ṣe F Sport lọ. Irọ́ ni o jàre. V6 3.5 kan náà ni, horsepower 295 kan náà. Aṣọ lẹ sanwó ẹ̀, àti ríìmù, àti ṣọ́ọ̀kì olówó gọbọi lára àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa.

Kẹ́ẹ tó ṣírò ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé ìpele tí wọ́n ní ó jẹ́ ló jẹ́ lóòótọ́. Àmì "Limited" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò ò jẹ́rìí nǹkan kan, wọ́n ń tà á lọ́jà. Àwọn tó ń ṣe upgrade náà wà, wọ́n á gbé ojú 2020 wọ Lexus GX 460 ti 2010, ó máa dán, ó máa wuni, ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò sì yí padà. Chassis number ni kẹ́ẹ wò, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ awakọ̀, ó tún wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Èyí tó wà nípò kẹwàá ló ń sọ ọdún: E ni 2014, F ni 2015, G ni 2016, H ni 2017, J ni 2018, wọn kì í lo I. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti tò ó, 2 ni Kánádà, J ni Japan, 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà. Ẹ lọ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó máa ń sọ irú ẹ́ńjìnnì, lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń sọ ìpele ẹ̀ náà. Tí wọn ò bá fẹ́ fún yín ní chassis number lórí fóònù, ẹ má wulẹ̀ wọ mọ́tò lọ síbẹ̀.

Ọgbọ́n míì wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ jókòó síwájú, kẹ́ẹ wo àwọn bọ́tìnì orí dáṣíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀gbẹ́ jíà. Tẹ́ẹ bá rí àyè bọ́tìnì tí wọ́n fi ike lásán dí, nǹkan wà tí ìpele tó ju ìyẹn lọ ní tí mọ́tò yìí ò ní. Tí ike yẹn bá pọ̀, tí ẹni tó ń tà á sì ń pariwó full option, ẹ ti mọ irú èèyàn tó dúró síwájú yín.

Ó ti kan àwọn nǹkan tí wọ́n fi kún un gan-an. Táyà àti ríìmù ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ lowó ti ń jò jù tí ẹnikẹ́ni ò sì kà á sí. Bí ìpele ṣe ń ga ni ríìmù ń tóbi, bí ríìmù sì ṣe ń tóbi ni rọ́bà tó wà láàárín ríìmù àti kòtò ń tín-ín-rín. Nọ́ńbà ara táyà ló máa sọ ọ́ fún yín. RX 350 ti 2016 tó wà nísàlẹ̀ ń lo 235/65R18: fífẹ̀ táyà jẹ́ mílímítà 235, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ga tó ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn, tó jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 153. F Sport ń lo 235/55R20, ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ ò ju mílímítà 129 lọ. Toyota 4Runner SR5 tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa, 265/70R17 ló ń lò, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 186, Limited ẹ̀ tó ń lo 245/60R20 jẹ́ 147. Tẹ́ẹ bá já sínú kòtò lálẹ́ nítòsí Ìkòyí-Ilé tí mọ́tò ńlá ń tan iná sí yín lójú, mílímítà díẹ̀ yẹn ló máa sọ bóyá ẹ máa kàn ní "yéè" kẹ́ẹ sì máa lọ, àbí ríìmù máa tẹ̀, táyà máa wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Fọkanáísà ò lè lẹ ibi tó wú yẹn o, pípààrọ̀ ni. Tẹ́ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ onítáyà ní Takie l'Ógbómọ̀ṣọ́ tàbí Owódé l'Ọ́yọ̀ọ́ tẹ́ẹ ní 20 lẹ fẹ́, iye tó máa pè á yàtọ̀ sí ti 18, ó sì lè ní kẹ́ẹ dúró kó lọ gbé e wá láti Ìbàdàn. Fún èmi o, ríìmù ńlá kì í ṣe àfikún, gbèsè ni. Tí mọ́tò bá dáa tí ríìmù ńlá nìkan ni àléébù ẹ̀, ẹ lè wá ríìmù kékeré tó bá irú mọ́tò yẹn mu kẹ́ẹ pààrọ̀ ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti gbá bíréèkì.

Èkejì ni ṣọ́ọ̀kì tó ń lo afẹ́fẹ́. GX 470, èyí tí wọ́n ṣe láti 2003 sí 2009, ẹ̀yìn ẹ̀ méjèèjì orí afẹ́fẹ́ ló jókòó lé, kì í ṣe sípríǹgì. Range Rover ńlá àti àwọn Benz ML kan, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Ó rọ̀ o, mi ò ní purọ́, ó dà bí ẹni pé títì ti tẹ́. Àmọ́ rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ni, rọ́bà a sì máa gbó, eruku wa àti ooru wa ò jẹ́ kó pẹ́. Tó bá ti ń jò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi kó lè dí àlàfo, títí òun náà á fi jó, nǹkan kan á wá di méjì. Ẹ wo mọ́tò náà ní àárọ̀ kẹ́nikẹ́ni tó tan án, tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti jókòó sílẹ̀ bí àgbò tó rẹ̀, ẹ ti rí i. Tí kò bá sáàyè fún ìyẹn, ẹ pa á, ẹ lọ jẹ àmàlà dáadáa, kẹ́ẹ padà wá wọn gíga ẹ̀ láti ilẹ̀ sí ẹnu ibi tí táyà wà. Mẹkáníìkì wa máa ń sọ pé "ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, a máa fi sípríǹgì sí i". Òótọ́ ni, wọ́n ń ṣe é, ó sì ń rìn, àmọ́ ẹ rò ó wò, ẹ fowó kún un torí afẹ́fẹ́, ẹ tún wá fowó kún un kí wọ́n lè yọ afẹ́fẹ́ náà dànù. Ẹ ò kúkú ra èyí tó ní sípríǹgì láti ilé iṣẹ́.

Panoramic náà wà níbẹ̀. Sunroof èyíkéyìí ní ihò tóóró tó ń gbé omi òjò sọ̀kalẹ̀ gba inú òpó mọ́tò jáde sísàlẹ̀. Eruku ọyẹ́ àti ewé ló máa ń dí i, omi á wá wọlé, á bá àwọn wáyà tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé ìgò omi kan dání, ẹ ṣí sunroof, ẹ rọra da omi sí igun ẹ̀, kẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ wo bóyá ó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Ẹ fọwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gbóòórùn ẹ̀. Sunroof kékeré ò burú, ti panoramic gbogbo òrùlé yẹn ni mi ò ní fowó kún mọ́tò torí ẹ̀, oòrùn oṣù kẹta á sì jẹ́ kẹ́ẹ máa fi aṣọ bò ó náà ni.

Àwọn tí kò wúlò fún wa rárá: ìjókòó tó ń gbóná, sítíárìn tó ń gbóná. Ta ló fẹ́ yáná nídìí ní Ògbómọ̀ṣọ́? Navigation tó bá a wá láti Amẹ́ríkà, máàpù Amẹ́ríkà ló wà nínú ẹ̀, Google Maps inú fóònù yín dáa jù ú lọ. Ohun tó tiẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín ni pé Highlander àti RX ò bẹ̀rẹ̀ sí í gba CarPlay, tó ń gbé ojú iPhone wá sórí ojú mọ́tò, àfi láti 2020, torí náà ẹni tó san owó navigation lórí ti 2015 máa ń fi fóònù sọ́wọ́ bíi tèmi tìẹ náà ni. Èyí tó ń kìlọ̀ tẹ́ẹ bá yà kúrò ní ìlà ojú títì, ìlà funfun ló ń wò, ẹ sọ fún mi ibi tí ìlà ti ṣẹ́kù. Radar cruise náà, èyí tó ń fi radar wo mọ́tò iwájú kó lè dín eré kù fúnra ẹ̀, ọ̀kadà kan ló máa já síwájú yín tí mọ́tò á fi tẹ bíréèkì fúnra ẹ̀ tí ẹni tó wà lẹ́yìn yín á sì máa ṣépè.

Àwọn tó yẹ kẹ́ẹ fowó kún ńkọ́? Wọ́n wà, mi ò sì ní fi dù yín. Ìjókòó tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ẹni tó bá ti wà á láti Ìbàdàn dé ilé lọ́sàn-án láìjẹ́ kí ẹ̀yìn ẹ̀wù ẹ̀ tutù mọ̀ pé nǹkan gidi ni, tó bá sì bàjẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ̀, mọ́tò ò ní dúró. AC tó ní ojú lẹ́yìn tó dá tiẹ̀ yàn, pàápàá fún ẹni tó ní ọmọ kéékèèké tàbí tó ń gbé ìyá àgbà lọ sílé ìwòsàn. Iná inú míráọ̀ tó ń sọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nílùú ọlọ́kadà bíi tiwa, kò sóhun tó dà bí i ẹ̀. Ìjókòó aláwọ rọrùn láti nù tí ọmọ bá da gààrí sí i. Kámẹ́rà ẹ̀yìn náà dáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín bí ohun ọlọ́lá, gbogbo Highlander láti 2014 ló ní in, LE náà ní in.

Thumbstart, ẹ máa wò ó dáadáa. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n tí mọ́tò bá bá kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo wá, ẹ ka owó kọ́kọ́rọ́ kejì àti owó rẹ́wáyà tó máa kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà mọ́tò mọ́ owó mọ́tò, kì í ṣe owó kékeré. Ìjókòó méjì àárín náà, ìyẹn captain chair tó ń bá Limited wá, ó rẹwà, àmọ́ ẹnì kan ti dín kù nínú mọ́tò yín, ẹ sì mọ bí a ṣe ń lọ sí òkú ní ilẹ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń sọ fáwọn ẹ̀gbọ́n tí dírẹ́bà ń gbé kiri, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ka gbogbo ohun tó wà nínú full option yẹn, kẹ́ẹ wo iye ẹ̀ tó wà ní ìjókòó iwájú. Ìjókòó tó ń fẹ́ atẹ́gùn ni o, iná inú míráọ̀ ni o, kámẹ́rà ni o. Ẹ̀yin tẹ́ẹ sanwó wà lẹ́yìn, dírẹ́bà ló ń jayé.

Owó wá kù. Má ṣe fi LE wé Limited ọdún kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Ẹ mú iye tí Limited jẹ́, kẹ́ẹ béèrè pé iye yìí, LE tàbí XLE ọdún wo ló lè rà? Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó rí i pé ó máa fi ọdún kan tàbí méjì kéré lọ́jọ́ orí, tàbí kí máìlì ẹ̀ kéré. Lára Highlander ìyẹn tiẹ̀ ní èrè míì, torí láti 2017 ni Toyota ti fi bíréèkì tó ń tẹ ara ẹ̀ tí ewu bá wà níwájú sí gbogbo ìpele, tó fi dé LE, nǹkan tó jẹ́ pé òkè lọ́hùn-ún nìkan lẹ ti lè rí i lára ti 2014 sí 2016. Jíà V6 náà di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ lọ́dún yẹn. Ohun tí wọ́n ń tà ní owó ọlọ́lá lónìí, ọjọ́ díẹ̀ ló máa fi di ti gbogbo ayé.

Ẹ tún rántí ìnṣọ́ránsì. Third party ọkọ̀ aládàáni, èyí tó ń san fún ẹni tẹ́ẹ bá gbá nìkan, ò wo ìpele, 15,000 náírà ni láti January 2023, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn náà ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì, ti ní owó comprehensive, èyí tó ń bo mọ́tò tiyín náà, ò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò. Ká ní full option fi mílíọ̀nù mẹ́fà lé lórí èkejì ẹ̀, 300,000 náírà lẹ ó máa san kún un lọ́dọọdún, ọdún mẹ́rin á sì sọ ọ́ di mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún, ẹ ò tíì ra táyà kankan o.

Ẹni tó fẹ́ tà á láìpẹ́, tó sì mọ̀ pé Ìbàdàn tàbí Èkó lòun máa gbé e lọ, full option máa ń tètè tà níbẹ̀, kó rà á. Níbí, ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò lọ́wọ́ yín á bèèrè epo kó tó bèèrè sunroof, pàápàá látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023. Èmi, tẹ́ẹ bá ní kí n yàn, àárín ni mo máa ń dúró sí: Highlander, XLE ni, ó ní awọ, ó ní thumbstart, ríìmù ẹ̀ 18 ni, kò ní panoramic. RX, èyí tó ní ríìmù 18 tí kì í ṣe F Sport. Range Rover, mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa ìpele ẹ̀ rárá, àfi tẹ́ẹ bá ti ní mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n, tó sì ní kọ̀ǹpútà ẹ̀ lọ́wọ́, yálà HSE ni o tàbí Autobiography.

Lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá fẹ́ lọ wò ó, ẹ kọ gbogbo ohun tí ìpele yẹn ní sínú ìwé, kẹ́ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìjókòó tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ẹ jókòó síbẹ̀ títí ẹ̀yìn yín á fi mọ̀ ọ́n. Búùtù tó ń ṣí fúnra ẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ pa á, ẹ tún ṣí i. AC ẹ̀yìn, ẹ lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ẹ mú rẹ́wáyà tó ní scanner ńlá dání, kì í ṣe Bluetooth kékeré tó ń ka ti ẹ́ńjìnnì nìkan, gbogbo mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀ lábẹ́ sítíárìn. Ohun tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ lọ bèèrè iye ẹ̀ ní Ararọ̀mí ní Gate Ìbàdàn tàbí ní Ládìpọ̀ l'Ékòó, kẹ́ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó mọ́tò, torí nǹkan tó ti kú nínú full option, ẹ ò gbọdọ̀ san owó alààyè lórí ẹ̀. Ẹni tó ń tà á á sọ pé "fúùsì lásán ni". Kò burú. Ẹ ní kó pààrọ̀ fúùsì náà níṣojú yín kẹ́ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ máa dúró dè é.